Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ṣé Eyín Fífọ̀ Ló Gba Ọdún Mẹ́rin Lẹ́nu Ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè mí lọ́dún tó kọjá pé òun ti yí i padà sí ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní dental hygiene. Mo bi í pé ṣé eyín fífọ̀ ni yóò gbà á ní odindi ọdún mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi orín fọ ẹnu kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó gbọ́ pé ẹran ìdí eyín bàbá rẹ̀ ń wú, ó sì ní kí n ka orúkọ gbogbo oògùn tí bàbá ń lò sí òun létí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ọ̀rọ̀ eyín? Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ wọn níbẹ̀? — *Ìyá kan ní Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ ó jèrè rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, mo sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára, nítorí pé ohun kan náà ni ìyá tó bí mi lọ́mọ bi mí nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi oògùn bàbá bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, irú bíi nifedipine àti amlodipine, tí wọ́n máa ń mú kí ẹran ìdí eyín àwọn kan tó ń lò wọ́n wú, kí ó sì máa dàgbà bo eyín díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ sí. Phenytoin tí àwọn tó ní wárápá ń lò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Cyclosporine tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn oògùn náà burú o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá dá oògùn wọn dúró fúnra wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú léwu ju ẹran eyín tó wú lọ. Kí wọ́n fi ẹnu wọn han dókítà eyín, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún dókítà tó kọ oògùn náà, ẹni tó lè mọ̀ bóyá òmíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọmọ yín ì bá má mọ̀ láti béèrè ìbéèrè yẹn bí kì í bá ṣe pé ó ti jókòó nínú kíláàsì ìmọ̀ oògùn.

Kí wọ́n tó gbà wọ́n sí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n yege nínú kemísírì, nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti nínú ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Wàhálà tí ọmọ yín ti ṣe lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò já sí òfo, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì jọ ń lò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá dojú kọ orí àti ọrùn. Iṣan ìmọ̀lára méjìlá méjìlá ló ti ọpọlọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀karùn-ún nínú wọn ló sì ń gbé ìmọ̀lára ojú àti eyín. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Eyín kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 1 ni eyín tó kẹ́yìn lókè lápá ọ̀tún ẹni tó ni ẹnu, a ó kà á yípo dé 16 lápá òsì, a ó sọ̀kalẹ̀ sí 17 nísàlẹ̀, a ó sì padà parí sí 32 lápá ọ̀tún. Ogún ni eyín ọmọdé ní tiwọn, lẹ́tà A dé T ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Olùkọ́ lè gbé eyín kan ṣoṣo lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láìsọ ibi tó ti wá, kí ó sì ní kí ó fi ìrísí orí rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ sọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ti kòkòrò eyín, èrò tí mo gbé wá láti ilé ni ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ túnṣe. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a gbà pé kòkòrò kan bí ìdin ló ń gbẹ́ eyín lábẹ́lẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ni awọ fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀, tí ahọ́n máa ń bá lára eyín ní àárọ̀ kí a tó fọ ẹnu. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá ti dé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan tó ń yọ́ ara eyín. Kemísírì ló ń kọ́ wọn pé bí nọ́ńbà pH inú ẹnu, òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe ń kéré sí i ni nǹkan ṣe ń kan sí i, bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 5.5, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù èròjà rẹ̀, àti pé ó máa ń tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí itọ́ tó tún ẹnu ṣe. Èyí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹni tó mu ìgò sódà kan tán lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju ẹni tó ń fẹnu kàn án láti àárọ̀ dalẹ́ lọ. Bí a kò bá sì mú awọ fẹ́lẹ́ yẹn kúrò, èròjà inú itọ́ á mú un le láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò di òkúta mọ́ ara eyín. Bó bá ti di òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò ràn án mọ́, orín náà kò ràn án. Irin ló kù.

Ìyá wa, ibi irin yìí gan-an ni ọdún ń lọ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á tún kọ́ bí a ṣe ń mú pẹ́ńsù, àfi bí ẹni pé kò kọ̀wé rí. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni yóò di irin mú, ìka àárín yóò tì í lábẹ́, ìka tí a ń fi òrùka sí yóò sì fìdí múlẹ̀ lórí eyín tó wà nítòsí, kí ọwọ́ má baà yọ̀ bí aláìsàn bá mira lójijì. Irin tó bá ìhà iwájú eyín kan mu kì í bá ìhà ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Bí ojú irin kò bá dagun tó ìwọ̀n 45 sí ara eyín, ńṣe ni yóò kàn máa dán òkúta náà lójú. Bí ó bá kọjá 90, ẹran ni yóò gé. Gbogbo èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹran ìdí eyín, níbi tí ojú kò ti lè rí i, tó fi jẹ́ pé etí ìka nìkan ló lè sọ pé òkúta ṣì kù, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín kan iyanrìn nínú ìrẹsì. Orí ère tí wọ́n to eyín oníke sí lẹ́nu ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe é fún ara wọn, kí ó tó kan aláìsàn. Wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń fi òkúta pọ́n irin náà, nítorí irin tó kú lójú máa ń mú kí ènìyàn fi agbára ṣe ohun tó yẹ kí ó fi ọgbọ́n ṣe.

Irin kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fín mílímítà sí lára. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ń rọra tì í bọ àárín eyín kọ̀ọ̀kan àti ẹran rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí eyín rẹ̀ pé 32, ibi 192 ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń pe nọ́ńbà fún ẹnìkejì rẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, márùn-ún. Láti ọ̀kan dé mẹ́ta kò léwu. Bí ó bá ti di mẹ́rin sókè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ, ó ṣeé ṣe kí ẹran ti máa já kúrò lára eyín, kí egungun tó di eyín mú sì ti máa jẹrà. Mo ti rí àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ funfun báláú, tí kò sì mọ̀ pé mẹ́ta nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdí. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ẹnu aláìsàn, yóò bèèrè àìsàn tó ń ṣe é, oògùn tó ń lò, bóyá ó lóyún, bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, yóò sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ìfúnpá bá ti tó 180 lórí 110, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kò ti ní ṣe ohunkóhun fún un lọ́jọ́ náà bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n á darí rẹ̀ sí. Ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ máa ń ba ẹran ìdí eyín jẹ́, ẹran ìdí eyín tó bàjẹ́ á sì tún mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nira láti ṣàkóso. Àjọ CODA, tó ń fọwọ́ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní kí olùkọ́ kan má ṣe bójú tó ju akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ nídìí àga aláìsàn. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ń lò nídìí rẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn a sì tó méjìlá sí mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n tún ń kọ́ X-ray yíyà, pípa kòkòrò lára irin, àti òfin iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìlera àwùjọ náà wà níbẹ̀, òun ló sì bí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1906, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Alfred Fones, ní ìlú Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut, kọ́ ìbátan rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, Irene Newman, bí a ṣe ń tọ́jú eyín kí ó má baà bàjẹ́ rárá. Ní 1913, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Obìnrin 27 ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní 1914, púpọ̀ nínú wọn ló sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé láti fọ eyín wọn kí wọ́n sì kọ́ wọn. Newman gba ìwé àṣẹ ní 1917.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin. Ìwé ẹ̀rí kékeré wà tó ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta bí a bá ka ìmúrasílẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹni tó gbà á sì lè ṣiṣẹ́. Dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin fi ìwádìí, iṣẹ́ olùkọ́ àti ìlera àwùjọ kún un. Ìdánwò àpapọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ìbéèrè 350, tí 150 nínú rẹ̀ dá lórí ìtàn àìsàn àwọn aláìsàn, kí ìpínlẹ̀ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kemísírì kò rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí wù mí. Ṣé mo lè ṣe é? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń kọ́ wọn pé orín kò dára? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kemísírì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò kọjá agbára ẹni tó bá jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wá ẹni tí yóò kọ́ ọ báyìí.

Ní ti orín, kò sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ní kí aláìsàn jù ú nù. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí a ní kí aláìsàn mú ohun tó ń lò dání, kí ó ṣe é lójú wa. Orín máa ń fọ iwájú eyín dáadáa, ó sì máa ń nira fún un láti dé ẹ̀yìn eyín níhà ahọ́n àti àárín eyín méjì, nítorí náà ibẹ̀ ni a ń tọ́ka sí.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, iṣẹ́ àwọn dental therapist, àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú eyín tí kì í ṣe dókítà, ní Nàìjíríà sún mọ́ èyí gan-an. Mọ̀ pé ìwé àṣẹ ilé kò sọ ènìyàn di hygienist, ìyẹn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ dental hygiene yìí, ní Amẹ́ríkà láìṣe ìdánwò tiwọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀hún ni o fẹ́ lọ tààrà, wádìí bóyá CODA fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà kí o tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni.