Ṣé fíìmù abanilẹ́rù tí wọ́n tún ṣe máa ń tó ti àkọ́kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìmù abanilẹ́rù àtijọ́ ni wọ́n kàn ń tún ṣe ṣáá, wọn ò sì bà mí lẹ́rù mọ́. Ṣé èmi nìkan ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Psycho tí Hitchcock ṣe ní 1960, Gus Van Sant tún un ṣe ní 1998, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí nǹkan kan padà, síbẹ̀ kò wọni lára. Àmọ́ The Fly ti 1986, tí Cronenberg ṣe, ó ju ti 1958 lọ lójú tèmi, torí díẹ̀díẹ̀ ni ara ọkùnrin tó ń di eṣinṣin nínú fíìmù náà ń bàjẹ́ lójú wa, ẹ̀rù ń bani, àánú ẹ̀ náà sì ń ṣeni. Tòde òní, ariwo òjijì ló pọ̀ jù níbẹ̀.