Èsì: Awólọ́wọ̀, ìwé òfin àti káńsù Ìmọ̀tà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ohun tí èrò Awólọ́wọ̀ lórí ìwé òfin fi kan àwa ará Ìkòròdú, àti ìdí tí LCDA Ìmọ̀tà (káńsù ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní agbègbè Ìkòròdú) kò fi tíì di ìjọba ìbílẹ̀ gidi.

Ohun tí Awólọ́wọ̀ kọ ní 1966 yéni yékéyéké: orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ètò ìjọba àpapọ̀ ló yẹ ẹ́, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá nǹkan rẹ̀ ṣe.

Àmọ́ dídá káńsù sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ nìkan: ẹ wo abala 8 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú àgbègbè náà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ní káńsù ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún ìjọba ìbílẹ̀ tuntun. Ará ìlú á dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò gbà á wọlé. Ó tún di ọwọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn káńsù ìpínlẹ̀, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó fòǹtẹ̀ lù ú. Ibi tó ti ń há gan-an nìyí: àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin. Orúkọ 20 péré ló wà níbẹ̀ fún Èkó, Ìkòròdú sì jẹ́ ẹyọ kan.

Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá káńsù sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì parí títí àwọn aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tiwọn. Wọ́n tún ní ààrẹ kò láṣẹ láti há owó káńsù mọ́wọ́. Èyí dùn mọ́ mi nínú jọjọ, torí ohun tí à ń pè ní ìjọba abẹ́ òfin gan-an nìyẹn.