Ọkọ̀ oníná kì í ṣáájì ara rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Àgríìkì ní Ìkòròdú ni mò ń gbé, ọ̀nà Mile 12 ni mò ń ná. Owó epo ti jẹ èrè mi tán. Mo fẹ́ yá owó báǹkì ra ọkọ̀ oníná Nissan Leaf tòkúnbọ̀ ti ọdún 2011. Rẹwáyà kan ní òun á so ọ́tánétọ̀ mọ́ táyà rẹ̀, kó máa ṣáájì ara rẹ̀ bí mo ṣe ń wà á. Ọ́tánétọ̀ wo ló dáa jù?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó dáa. Ẹ má fún rẹwáyà yẹn ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ yìí ti sú mi.

Nínú ọkọ̀ epo, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ́tánétọ̀, epo ló sì ń san owó iṣẹ́ náà. Nínú ọkọ̀ oníná, táyà ni yóò yí i. Kí ló ń yí táyà? Bátìrì kan náà tí ẹ fẹ́ ṣáájì ni. Ẹ ń bu omi nínú àgbá, ẹ ń dà á padà sínú rẹ̀, díẹ̀ sì ń ta dànù: ìgbà wo ni yóò kún? Òótọ́ ni pé bí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò tó ń wa ọkọ̀ náà máa ń dá iná díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ṣe ìyẹn mọ́ ọn. Iná bátìrì yẹn sì lé ní 300 volt. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó fọwọ́ kàn án lè kú.

Owó NEPA kọ́ ni yóò dá yín dúró. Yúnìtì 24 ni bátìrì náà ń gbà ní tuntun. Ní iye Band A tó lé ní ₦200, bíi ₦5,000 sí ₦6,000 ni yóò fi kún. Tí ẹ kò bá sí ní Band A, ẹ má gbójú lé I-pass-my-neighbour o: kò tó kìlówáàtì kan, yóò lò ju odindi ọjọ́ kan lọ kó tó kún un.

Bátìrì gan-an lowó wà. Leaf kò ní omi tó ń mú bátìrì rẹ̀ tutù, ooru ló sì ń pa á. Ẹ má gba ìlà 12 tó ń fi ìlera bátìrì hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́, àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà dá a padà sí kíkún. Ẹ ní kí wọ́n fi LeafSpy, áàpù orí fóònù tó ń ka ìlera bátìrì Leaf, yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Èlé ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, CBN gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì yín á sì lé tirẹ̀ lórí. Bátìrì lè kú kí gbèsè tó tán.

N kò rí ọkọ̀ náà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó báǹkì nìkan lẹ ní, ẹ fi Leaf sílẹ̀ fún ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sílé, torí bátìrì tó ti gbó kì í gbé ọkọ̀ lọ jìnnà.