Ta ni olùrúbọ, ta ni ẹran ẹbọ?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Àkúrẹ́, o ní láti ìgbà tí o ti ka ìwé mẹ́ta lórí ogun abẹ́lé wa, ogun Biafra, bí olóṣèlú kan bá ti ní kí aráàlú rúbọ, kí wọ́n fara da ìyà díẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọ. O wá ń béèrè bóyá ìwé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ìwé wo ló yẹ kó kàn, kí ni ìrúbọ tí wọ́n ń sọ yìí gan-an, àti bóyá ó tún tọ́ kí o máa dìbò. Ìwé kò ṣe ọ́ ní nǹkan. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ ni, apá kan ṣoṣo ló kọ wọ́n.

Bí a ṣe ń wá ìwé rí, o mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lé e. Ṣáà máa kà wọ́n ní méjì-méjì. Obasanjo, tó gba Third Marine Commando, ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kan, lọ́wọ́ Benjamin Adekunle ní 1969, tẹ tirẹ̀ jáde ní 1980. Madiebo tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Biafra náà tẹ tirẹ̀ ní 1980 yẹn. Ka méjèèjì pọ̀. Kí o tó wá mú ti Alabi-Isama, tó jáde ní 2013: inú ẹ̀ka ọmọ ogun kan náà lòun àti Obasanjo ti jà, síbẹ̀ ó ta ko ọ̀pọ̀ nǹkan tí Obasanjo kọ. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èèpo ìwé kọ̀ọ̀kan: ibo ni òǹkọ̀wé dúró sí nígbà ogun, ọdún mélòó ló fi dákẹ́ kó tó kọ̀wé, ta ló ń dá lẹ́bi jù.

Kí o sì máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà "wọ́n". Gbọ́ èyí: ní Àsábà, ní oṣù Kẹwàá 1967, ará ìlú wọ aṣọ funfun jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí sọ́jà ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀, wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ka "wọ́n" inú gbólóhùn yẹn. Àwọn tó ń jó kọ́ ló yìnbọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé gbogbo wọn. Mú bírò, fa ìlà sábẹ́ irú rẹ̀, kí o kọ ẹni tó pàṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ìwé Òyìnbó náà ní tirẹ̀: yóò ní abúlé kan jóná, bí ẹni pé abúlé ló ṣáná sí ara rẹ̀. Ibi tí o kò bá ti rí orúkọ kọ, padà síbẹ̀ nígbà tí o bá ń ka ìwé apá kejì.

Orí tó sọ nípa ebi ló máa ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Má kà á lálẹ́. Má kà ju ojú ewé 15 lọ lójúmọ́, má sì fò ó, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìṣèlú wà. Kí ogun tó dé, màlúù ń ti Òkè Ọya lọ sí ìlà-oòrùn, okporoko, ẹja gbígbẹ, ń ti Nọ́wè gba ojú omi wọlé. Ìjọba àpapọ̀ dí ojú omi. Nígbà tí Port Harcourt bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní oṣù Karùn-ún 1968, kò sí èbúté kankan fún wọn mọ́. Ẹ̀gẹ́ lè yó ọmọ, ṣùgbọ́n láìsí ẹran àti ẹja, kò lè gbé ara rẹ̀ ró: ẹsẹ̀ á wú, ikùn á yọ, irun á pọ́n, á sì máa já. Oúnjẹ wà nílẹ̀ ní São Tomé, erékùṣù kan nínú òkun. Lóru ni bàálù ń gbé e lọ sí Uli ní Biafra, ojú títì kan tí wọ́n sọ di pápákọ̀ òfurufú, àwọn bàálù tó kó ìbọn sì ń balẹ̀ síbẹ̀ kan náà lóru. Ìjọba àpapọ̀ ní kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀, tàbí kí wọ́n yẹ bàálù wò kó wá lọ́sàn-án. Biafra kọ̀, wọ́n ní májèlé lè wà nínú rẹ̀, àti pé ọ̀nà tí oúnjẹ bá gbà ni sọ́jà yóò gbà wọlé. Ní oṣù Kẹfà 1969, ọkọ̀ òfurufú ogun ìjọba àpapọ̀ já bàálù Red Cross kan lulẹ̀. Ka àwíjàre apá méjèèjì dáadáa. Kò sí èyí tí kò ní ìdí tó dùn gbọ́ létí, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó jẹun kánú ló jókòó tí wọ́n ń jiyàn ọ̀sán tàbí òru, tí ọmọdé ń kú. Láti ibẹ̀ lọ, bí ìjọba kankan bá ní kí n fara dà á, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ló ń dúró de oúnjẹ, ta sì ni kò ní láti dúró.

Ní ti iye òkú, ìwé kan á ní 500,000, òmíràn á ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Àwọn tó ń fi iye kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán tí wọn ò mọ ibi tó ti wá, má bá wọn pín in.

Àwọn ọ̀mọ̀wé orí rédíò ló ń mú orí mi gbóná jù. Gbogbo January 15, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, ni ẹ óò gbọ́ "àwọn akọni wa tó fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀", wọn ò sì ní dárúkọ Orè tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin dé ní oṣù Kẹjọ 1967, tí a fi ń sọ pé ó le kú, ìjà Orè. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn, Biafra kan náà ló sì yìnbọn pa á lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yọ ìtàn kúrò níléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá ń bi àwọn ọmọ wa ìdí tí wọn ò fi mọ̀ ọ́n!

Ọ̀rọ̀ ìrúbọ tí o béèrè: fa ìlà sínú ìwé rẹ, pín in sí mẹ́ta: olùrúbọ, ẹran ẹbọ, ẹni tó fara rẹ̀ jìn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, olùrúbọ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ewúrẹ́ ẹlòmíràn ló sì dì mú. Fajuyi, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ń kọ́? Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Ibadan nígbà tí sọ́jà wá mú àwọn méjèèjì ní July 29, 1966, tí wọ́n sì pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ní ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan ní òun náà ni wọ́n ń wá. Bí tàkọ́kọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, ìsọ̀rí kẹta ló wà. Bí tèkejì bá ni, ìsọ̀rí kejì ni. Kọ ọ́ sí méjèèjì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú ọ yan ọ̀kan.

Ìbò: dì í. Mú káàdì rẹ lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń tọrọ ìbò bá ní kí ẹ rúbọ, bi í ní ibi ìpàdé pé èwo nínú ìsọ̀rí mẹ́ta yẹn ni òun àti àwọn ọmọ òun wà.

Èyí tó kàn fún ọ ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ sọ́jà Òyìnbó ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbọn bà á ní Burma ní oṣù Kẹta 1944, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì tọ́jú Isaac àti ọmọ Sierra Leone kan ní ìkọ̀kọ̀ títí di oṣù Kejìlá. Isaac fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà, kò nípọn, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Shuyiman, kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsọ̀rí kẹta, kí o tó wá mú Madiebo.