Èsì: Agbára tó ń tán ní Òṣú

Ẹ kú ìgbìyànjú. Oúnjẹ ló ń tán lára yín, ẹsẹ̀ yín kò lẹ́bi. Ẹ ní tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà, tí ẹ ń padà bọ̀, Òṣú, ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ni agbára yín ti máa ń tán, omi nìkan lẹ sì ń mu lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ṣúgà tí ara tọ́jú kì í pẹ́ ju bíi wákàtí méjì lọ téèyàn bá ń tẹ pẹ́dàlì gidi. Ẹ má dúró de ebi. Ní ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn tàbí búrẹ́dì ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bu iyọ̀ bíńtín àti ṣúgà sínú ìgò kan.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn ló ń rẹ̀ yín ni mo ń sọ o. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ rí dókítà ná.

Ní ti kìlómítà 100 tí ẹ fẹ́ gùn láti fi kówó jọ fún àwọn ọmọ aláìsàn:

1. Ẹ fi kìlómítà 5 sí 10 kún èyí tí ẹ ń gùn ní Sátidé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.
2. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín in kù sí kìlómítà 40, kí ara sinmi.

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ dáadáa kí ẹ tó jáde. Ẹ̀rù àwọn tírélà ojú ọ̀nà yẹn ń bà mí fún yín.