Ìbéèrè nípa àṣà: "Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra"

Ìyá kan, ọmọ Òmù-Àrán tó ń gbé Ìlọrin, béèrè pé: "Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 13. Ìjà ló ń jà kiri. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí níléèwé rẹ̀ pé ó la igi mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ẹgba ni kò tíì jẹ tó, pé àwọn baba wa ló ní ká máa fi ọwọ́ òsì na ọmọ. Ṣé ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn?"

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ààbọ̀ òwe ni bàbá wọn pa. Ẹ wo ọwọ́ tí àwọn àgbà yàn fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun ló sì lágbára jù lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun ni wọ́n gbé ìfàmọ́ra fún. Èyí tí kò lágbára tó o ni wọ́n fi ìbáwí sí. Òwe náà kò lòdì sí ìbáwí o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ àwọn baba wa. Ẹgba wà nílé, ó wà nílé kéwú, ó wà níléèwé. Ṣùgbọ́n òwe kò dúró síbi ẹgba, ibi ìfàmọ́ra ló ń lọ.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé nínú agbo ilé, ní Ìlọrin tàbí nílẹ̀ Ìgbómìnà, ọwọ́ méjèèjì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Bàbá ń na ọmọ, ọmọ sá wọ yàrá ìyá àgbà, ó di ìró ìyá náà mú. "Ó tó! Àbí èmi lo fẹ́ nà ni?" Bàbá á sọ ẹgba sílẹ̀, torí ta ni yóò gba orí ìyá rẹ̀ kọjá láti na ọmọ? Ìyá àgbà á bu omi kí ọmọ fi bọ́jú. Á kì í, "Àjàní, ọkọ mi," á fi wàrà dídín lé e lọ́wọ́. Ìgbà tó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé, "Kí lo tiẹ̀ ṣe fún bàbá rẹ?" Ọmọ á wá rò ó látòkèdélẹ̀, títí kan èyí tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ rí.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ wa ti kó lọ sí fúláàtì ní Tanke àti ibi gbogbo, bàbá, ìyá àti ọmọ. Kò sẹ́ni tí yóò di ọwọ́ ẹni tó ń nà mú, ìbínú kò sì mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Lọ́dún 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó ìwádìí 75 pọ̀, lórí àwọn ọmọ tó lé ní 160,000. Níbi tí gbígbá ọmọ bá ti pọ̀, jàgídíjàgan máa ń bá a rìn. Lóòótọ́, ọmọ oníjà náà ló ń jẹgba jù, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Bí ẹnìkan bá sì ní ti òyìnbó nìyẹn, ìwádìí kan tí Jennifer Lansford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 wo ìyá àti ọmọ ní Ṣáínà, Íńdíà, Ítálì, Kẹ́ńyà, Filipíìnì àti Tàílàńdì. Níbi tí gbogbo ilé bá ti ń na ọmọ, ìbátan tó wà láàárín ẹgba àti jàgídíjàgan kò le tó ti ibi tí nínà kò ti wọ́pọ̀. Kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀.

Ti Gerald Patterson ló wọ̀ mí lára jù. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà, ilé àwọn èèyàn lòun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, tí wọ́n ń wo bí òbí àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn fa wàhálà. Ẹ ní kí ọmọ pa fóònù, kó lọ fọ abọ́. Ó kùn. Ẹ pariwo, òun náà pariwo, ó fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ó rẹ̀ yín, ẹ ní, "Máa ṣe é lọ, Ọlọ́run ń wò ọ́." Abọ́ wà nílẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá le jù ló ń borí. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ le ju tàná lọ, ẹ nà án, ó lọ fọ abọ́. Ẹ̀yin náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tó kọ́ nídìí abọ́ yẹn ló ń lò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bọ́mọ bá ti ń bàlágà, apá òbí kì í ká ìrìn rẹ̀ mọ́. Ní Sweden, Håkan Stattin àti Margaret Kerr fi hàn lọ́dún 2000, láàárín àwọn ọmọ ọdún 14, pé ohun tí òbí mọ̀ nípa ìrìn ọmọ, ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ju ohun tí òbí fi ìbéèrè àti òfin wá rí lọ. Iṣẹ́ ìyá àgbà onìwàrà nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, ẹ ò sọ ohun tó fa ìjà yẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Ẹ jẹ́ kí àṣẹ ilé mọ níwọ̀n, kó sì múlẹ̀. Bí ẹ bá ní kò sí fóònù títí abọ́ yóò fi mọ́, kó rí bẹ́ẹ̀, láìsí ariwo. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí tí ọmọ fẹ́ràn, kó máa pè é. Sọ́jà tí àwọn kan máa ń bẹ̀ pé kó wá bá àwọn na ọmọ, ẹ má dán an wò rárá. Ọwọ́ òsì àjèjì ni. Ní ti ẹlẹgbẹ́ tí ọmọ yín la igi mọ́, kí bàbá wọn mú ọmọ yín lọ sílé àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ náà lọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá ni kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, kí ọmọ wà níbẹ̀, kó máa wò ó.