Ìbéèrè tí ẹ bá bi èèyàn ló ń pinnu ìdáhùn tí ẹ máa gbà lórí fọ́tò yín

Ẹ ní ẹ fi fọ́tò méjìlá tí ẹ kọ́kọ́ yà han àwọn èèyàn, "ó dára o" nìkan sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tí ẹ bi wọ́n ló fà á. Ẹni tí ẹ bá bi pé "ṣé ó dára?" kò ní fẹ́ já yín kulẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta péré níbẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé: "Ibo lojú yín kọ́kọ́ lọ?" Mi ò tíì rí ìbéèrè tó dà bí èyí, torí ẹni tí kò mọ kámẹ́rà rárá lè dáhùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọmọ lẹ yà, tó sì ní ike pupa tó wà létí fọ́tò lòun kọ́kọ́ rí, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ gbé kúrò nílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ayafọ́tò lẹ fẹ́ bi, ẹ kọ shutter speed (bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó), aperture (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, òun ni wọ́n ń fi f/ kọ), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára tó) àti iye mílímítà lẹ́ńsì (mm) sábẹ́ fọ́tò. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì máa ń yọ irú àkọsílẹ̀ yẹn tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ fi sínú fọ́tò kúrò. Bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé fọ́tò ń ṣe bàìbàì. Kò tíì tó. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100% lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ wò ó dáadáa. Bí gbogbo rẹ̀ bá fà sí apá kan náà, tí àmì iná kéékèèké di ìlà, ọwọ́ yín ló mì: lẹ́ńsì 50mm ń fẹ́ shutter 1/100 (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá), kí ọkàn yín lè balẹ̀. Bí àga àti ògiri bá hàn kedere, tó jẹ́ ọwọ́ ọmọ nìkan ló ṣe bàìbàì, ọmọ ló mira. Ẹ gbé shutter dé 1/500, kí ẹ sì jẹ́ kí ISO gòkè lọ sí 1600 bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó. Bó bá wá jẹ́ etí ọmọ ló mọ́, tí ojú rẹ̀ ò mọ́, fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ń mú kó mọ́ jù, ló ṣìnà. Ní f/1.8, tí ihò lẹ́ńsì ṣí gan-an, bí ẹ bá sún mọ́ èèyàn, ibi tó máa mọ́ kì í ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ; ẹ lo f/4, tí ihò náà kéré sí i, kí ẹ sì gbé àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lé ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù. Ẹni tó bá ṣi àrùn yìí mú á lọ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ọmọ á sì máa sáré lọ bó ṣe ń sáré.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ máa gbà. "Ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun," ohun tó wu ẹni tó sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta tí kò mọra wọn bá tọ́ka sí òpó tó dà bíi pé ó hù lórí ẹni tí ẹ yà, òótọ́ ni. Ìṣísẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà ti tó láti mú un kúrò.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbèjà fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ padà ya ohun kan náà ní àkókò kan náà, kí ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà, kí ẹ wá gbé ti àná àti tòní síwájú ẹni tó sọ̀rọ̀ náà.